Etí Màámi Lára Kọ́ọ̀pù

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, òyìnbó kan wà níbì kan tó ń mu tíì nínú kọ́ọ̀pù tí etí ìyá mi wà lára ẹ̀. Òmíràn ń fi etí náà nu àwo, torí a tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tí wọ́n fi ń nu àwo pẹ̀lú. Etí ọ̀tún ni, èyí tí ihò yẹtí ẹ̀ ti ya sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́. Èmi ni mo fà á ya, èmi ni mo yà á, èmi náà ni mo tà á. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni Màámi ń tà l'Ọ́jà'ba, Ìyá Ọlọ́ṣẹ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Èmi kọ́ṣẹ́ àwòrán ní Bẹẹrẹ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń tẹ àwòrán sára aṣọ àti lára ọ̀rá fún àwọn tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Àtíìsì ni wọ́n ń pè wá. Tí olóṣèlú bá fẹ́ díje, a ó tẹ ojú ẹ̀ sára aṣọ. Tó bá wọlé, kò ní sanwó. Tó bá fìdí rẹmi, a ò ní rí i. Bí mo ṣe fẹ́ kúrò nílé lọ sílùú òyìnbó, Bàbá Mọ́lété, àbúrò bàbá mi, kó àwọn ará ilé jọ, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ní, "Ọ́fíìsì ló ń lọ o." Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní kò rí bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi lágara níbí ni ìkíni. Ní Bẹyẹrúnkà, kéèyàn tó délé láti ìta gbangba, á ti kí ogún èèyàn, á ti dáhùn ìbéèrè nípa ìyàwó tí kò tíì fẹ́. Níbí, èèyàn mẹ́fà ló ń gba àtẹ̀gùn kan náà pẹ̀lú mi, gbogbo wọn ń wo bàtà wọn. Ọjọ́ kan mo rí bàbá arúgbó tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, ó ń gbin òdòdó. Inú mi dùn. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ó gbójú sókè, ó ní iṣẹ́ wo? Mo ní èyí tẹ́ ẹ̀ ń ṣe yìí. Ó bi mí bóyá ìjọba ìbílẹ̀ ló rán mi wá yẹ òdòdó òun wò. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ńṣe ló máa ń wọlé.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ríṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ bẹ́díṣíìtì àwọn ọsibítù. Àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀ tóbi tó mọ́tò akérò, wọ́n ń bú ramúramù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n fún mi ní yúnífọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù, wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sáyà ẹ̀. Èmi tí mo ti kọ pátákó ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì títí dé Òkè Pádre, mò ń ká aṣọ tí aláìsàn sùn lé, mò ń tò ó bí ìwé. Mo sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo sunkún gidi, àmọ́ ooru ibẹ̀ pọ̀ débi pé gbogbo èèyàn rò pé òógùn ni.

Nínú owó tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, Bàbá Mọ́lété ra fóònù olójú gbàràmù fún Màámi kí n lè máa rí wọn. Àmọ́ ṣé Màámi mọ̀ pé èèyàn ń wo fóònù? Bí mo bá ti pè wọ́n ní fídíò, wọ́n á gbé e sétí gbàgà.

"Màámi, ẹ gbé fóònù síwájú. Etí yín ni mò ń rí."

"Ẹ̀n? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, àmọ́ mi ò rí ojú yín."

"Tó o bá ti ń gbọ́ mi, ó tán náà nìyẹn. Kí lo fẹ́ fi ojú mi ṣe? Àbí ojú mi lo fẹ́ sè jẹ?"

Mo bẹ̀ wọ́n títí, ó sú mi. Nígbà tó yá, mo wá rí i pé àǹfààní wà níbẹ̀. Mò ń rí etí wọn, wọn ò rí mi rárá. Mo lè wà nínú yúnífọ́ọ̀mù mi láàárín òkè aṣọ ìdọ̀tí, kí n máa dá wọn lóhùn bí ẹni tó jókòó sórí àga onítìmùtìmù.

"Níbo lo wà báyìí, ọkọ mi?"

"Ọ́fíìsì ni, Màámi."

"Kí ló ń han báyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni."

"Háà! Kọ̀ǹpútà yín mà lágbára o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbé ẹ mì."

Mo ní àmín. Ojú tì mí, mo tún ní àmín lẹ́ẹ̀kejì.

Lásìkò ìsinmi ni mo máa ń pè wọ́n, tí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán l'Ọ́jà'ba. Torí pé kò sẹ́lòmíì tí mo lè bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya ohun tí mò ń rí sẹ́yìn ìwé tí wọ́n fi ń ka aṣọ. Etí Màámi. Etí Màámi àti ẹ̀gbẹ́ gèlè. Etí Màámi àti páànù tó ti dípẹtà. Nígbà míì wọ́n á gbàgbé, wọ́n á gbé fóònù lé orí ọṣẹ, èmi á sì máa wo agbòòrùn alákàrà òdìkejì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yà á náà. Mo máa ń kọ ọjọ́, aago, àti ohun tí wọ́n ń sọ lọ́wọ́ sábẹ́ ẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kan, mo kọ ọ́ pé: *Ìyá Sísì gbé garawa mi lọ, kò tíì dá a padà.* Ìyá Sísì ni ayálégbé wa, ìyá Aládùúrà kan tó ń ránṣọ.

Hẹ́lẹ́nì ló rí àwọn ìwé yẹn. Obìnrin òyìnbó kan ni, ó ní ilé kékeré kan tó ti ń pàtẹ àwòrán fún títà. Mo bá a pàdé ní láíbìrì àdúgbò, níbi tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kéèyàn yàwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wo àwọn etí náà, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní kí ni mo kọ síbẹ̀? Mo ní ayálégbé wa kan ló gbé garawa màmá mi lọ. Ó gbé ọwọ́ láyà. Nígbà tó máa fi àwòrán náà kọ́ ara ògiri, ó kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé: "Omi, Àdánù àti Ìrántí." Mo ní garawa ṣáá ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, garawa gan-an ni, ó wá tún gbé ọwọ́ láyà.

Ó ní àwọn èèyàn kì í fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo, pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lágbára àwòrán. La bá tẹ etí sára kọ́ọ̀pù. A tẹ̀ ẹ́ sára báàgì aláṣọ. A tẹ̀ ẹ́ sára ìrọ̀rí, kí òyìnbó lè fi etí tiẹ̀ lé etí Màámi kó tó sùn. Lọ́jọ́ tí a ṣí àfihàn náà, ọkùnrin kan tó wé síkáàfù pupa mọ́rùn dúró síwájú etí kan, kò mira. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ó ní òun ń gbọ́ òkun. Ìbàdàn! Níbo la ti rí òkun? Odò Ògùnpa la ní, òun náà kò sì ṣeé gbọ́ sétí nígbà tó bá bínú. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní ẹ ṣeun. Ó ra ìrọ̀rí méjì.

Bàbá Mọ́lété nìkan ni mo sọ fún nílé.

"Etí? Etí ta ni?"

"Àwòrán etí Màámi ni, Bàbá."

"Tí wọ́n fowó rà? Wọn ò bèèrè imú? Imú tèmi yìí, gbogbo Mọ́lété ló mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màámi."

"Ṣé orí mi dàrú ni? Ta ló máa lọ sọ fún Ìyá Ọlọ́ṣẹ pé wọ́n ti ta etí ẹ̀? Àmọ́ ìwọ ronú sí ọ̀rọ̀ imú yẹn."

Mo máa ń ronú lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nípa imú. Níbi àfihàn, ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára mi ni pé mo ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí mo bá sọ nǹkan tó bá ti òde òní mu, ojú wọn á fà ro. Nílé ìfọṣọ, ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni pé ọwọ́ mi yá. Ní Bẹyẹrúnkà, ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni ọ́fíìsì mi. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti fẹ́ràn mi, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ èmi gan-an. Èmi alára náà ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹni tó ṣẹ́ kù.

Hẹ́lẹ́nì wá gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ tó mú mi lọ́kàn. Ó ní òun ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ní tábìlì, tó ní àga, tó ní fèrèsé. Ó ní bí àkójọ tuntun tí a fẹ́ gbé jáde bá lọ dáadáa, òun á gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀, òun á fún mi níwèé ìgbanisíṣẹ́. Mo wo yàrá náà títí. Ọ́fíìsì ni! Bí mo bá ti jókòó síbẹ̀, gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún Màámi láti ọdún mẹ́ta á di òótọ́. Kò tún sí ohun tí mo fẹ́ láyé mọ́ tó ju pé kí irọ́ yẹn di òótọ́ kí Màámi tó mọ̀.

Bí àkójọ náà ṣe rí rèé. Ọgbọ̀n ẹ̀dà péré la máa tẹ̀, a ó kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìkíní nínú ọgbọ̀n, ìkejì nínú ọgbọ̀n, títí lọ. Tó bá pé, kí n ba férémù, igi onígun mẹ́rin tí wọ́n na aṣọ sí, tí mo fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́. Mo ní kí n ba kí ni jẹ́? Férémù tó dáa? Ọ̀gá mi ní Bẹẹrẹ lo férémù kan fún ọdún mọ́kànlá. Orí olóṣèlú mẹ́rin ló gba ibẹ̀ kọjá. Mo ní mo ti gbọ́, mo rọra gbé férémù náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ tà á, Hẹ́lẹ́nì ní èmi ni kí n dúró ti tábìlì, torí àwọn èèyàn á fẹ́ rí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Oníbàárà àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan. Kò ná ọjà rárá, kò ní ó wọ́n. Ó kan sanwó, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ Ọjà'ba ni mí. Ẹ̀yìn ìyá ọlọ́ṣẹ ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá ra ọjà láìná a, tó tún ń dúpẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ mi fa ẹ̀dà kan sí i, mo fi kún tiẹ̀. Mo ní, "Èènì yín nìyí, mà."

Ó yà á lẹ́nu. Inú ẹ̀ dùn, ó fi han ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni yẹn náà rà, mo fi èènì sí i. Kí ẹ tó mọ̀, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ń sọ "èènì, èènì" bí ẹni pé Bẹẹrẹ ni wọ́n ti wá, àwọn tí kì í kí èèyàn lórí àtẹ̀gùn! Mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé. Nígbà tí ọgbọ̀n pé, èèyàn méje ṣì wà nídùúró. Ṣé kí n lé oníbàárà ni? Mo sáré wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo gbé férémù, mo tẹ òmíràn. Mo sì kọ nọ́ńbà sí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi: ìkọkànlélọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n.

Ìkẹtàdínlógójì nínú ọgbọ̀n ni Hẹ́lẹ́nì bá lọ́wọ́ oníbàárà kan.

Kò pariwo. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ó ní ọkàn òun kò balẹ̀ díẹ̀. Mo ti pẹ́ níbí tó láti mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ní "díẹ̀", ilé ti jó nìyẹn. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èènì fún un. Ó ní òye ẹ̀ yé òun, ó sì dára púpọ̀, pé a lè ṣe àfihàn kan lórí ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àmọ́ ẹni tó ra ohun tó ṣọ̀wọ́n kò fẹ́ kó pọ̀. Nígbà tó yá, ó ní ọ̀nà kan ló kù. Kí n ya etí tuntun, àkójọ tuntun, kí n ba férémù jẹ́ lójú òun. Àti pé torí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí n tẹ fóònù kó gba àwòrán ìpè náà sílẹ̀, kí òun rí i pé lóòótọ́ ni mo pe Màámi, pé kì í ṣe pé mo kàn jókòó ya etí láti inú orí mi. Ó fún mi di ọjọ́ Jímọ̀. Bí kò bá sí etí, kò sí yàrá.

Mo ní ìyẹn rọrùn. Kí ló rọrùn tó etí Màámi?

Lọ́jọ́bọ̀, mo dúró láàárín òkè bẹ́díṣíìtì méjì lásìkò ìsinmi, pẹ́ńsù lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Mo tẹ nọ́ńbà Màámi. Ó dún, ó dún, wọ́n gbé e. Ojú kan yọ sí mi.

Ojú Màámi ni. Gbogbo ẹ̀, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Wọ́n ti darúgbó. Irun funfun ti jáde lẹ́bàá gèlè, eyín iwájú kan ti lọ, wọn ò sì sọ fún mi. Ọdún mẹ́ta ni mi ò rí ojú yẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn: *Yéè, etí mi ti lọ!* Ọlọ́run ló mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe rò ó.

Ohun kejì tó sọ sí mi ni yúnífọ́ọ̀mù. Kí wọ́n tó ráyè wò mí dáadáa, mo gbé fóònù sétí ara mi gbàgà.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Màámi ń sọ, "etí ẹ ni mò ń rí! Gbé fóònù síwájú! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn!" Mo gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Sísì, tó bá wọn jókòó lọ́jà, lẹ́yìn wọn. Òun ló kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ọ, lálaalẹ́ tí wọ́n bá ti ọjà dé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, fóònù ṣì wà létí mi, "ẹ gbé e sétí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀."

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ fi ṣe. Lọ́fíìsì. Ẹ ṣáà gbé e sétí."

Wọn ò jiyàn. Èyí ló dùn mí jù. Màámi tó lè fi odindi wákàtí jiyàn lórí garawa, wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun mọ́. Mo sọ fóònù kalẹ̀ láti etí mi, mo wò ó, etí ọ̀tún ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ihò yẹtí tó ya. Ìmọ́lẹ̀ ọjà bọ́ sí i dáadáa. Kò sí èyí tó dáa tó o nínú gbogbo etí tí mo ti yà. Mo tẹ fóònù, ó gbà á sílẹ̀. Àwòrán yẹn wà lọ́wọ́ mi di òní, Hẹ́lẹ́nì ò rí i.

Torí nígbà náà ni Màámi sọ̀rọ̀, ohùn wọn sì ti lọlẹ̀.

"Ṣé o rí i? Mo ti gbé e síbẹ̀. Àmọ́ èmi ò rí ẹ mọ́ o. Torí kí n lè rí ẹ ni mo ṣe lọ kọ́ ọ."

Ẹ̀rọ ń bú lẹ́yìn mi. Mo dúró bẹ́ẹ̀, pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, omi ń bọ́ lójú mi, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe òógùn.

"Ẹ gbé e padà síwájú, Màámi."

Wọ́n gbé e síwájú. Mi ò gbé tèmi sétí mọ́. Màámi sún ojú mọ́ fóònù, wọ́n wò mí láti orí délẹ̀. Wọ́n wo yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n wo orúkọ tí wọ́n kọ sáyà ẹ̀, tí wọn ò lè kà. Wọ́n wo ẹ̀yìn mi.

"Ta ló ni gbogbo aṣọ yẹn?"

"Àwọn aláìsàn ni, Màámi. Èmi ni mò ń bá wọn fọ̀ ọ́. Kò sí ọ́fíìsì."

Mo ń retí kí wọ́n pe Ìyá Sísì, mo ń retí kí wọ́n pariwo, kí wọ́n ní mo ti dójú ti àwọn. Màámi fi ẹ̀gbẹ́ ìborùn nu ojú fóònù, wọ́n tún un nù.

"Gbé e sẹ́yìn díẹ̀," ni wọ́n sọ. "Mi ò tíì rí ẹ tán."

Mo gbé fóònù jókòó sórí ẹ̀rọ kan, mo fẹ̀yìn rìn títí bẹ́díṣíìtì fi kàn mí lẹ́yìn, mo sì dúró kí wọ́n wò mí.